Ọfà tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Màmá Mi

Láti ìgbà tí àìsàn ti gba etí Màmá mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò jẹ́ kí wọ́n dá jáde nílé wa ní Òkòkòmáìkò mọ́. Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún ta bàtà l'Álábà! À ń ṣọ́ wọn bí àgbò ọdún tí wọ́n so mọ́ òpó.

Àbúrò mi obìnrin wá bímọ ní Ìbà Housing Estate. Nílé tiwa, ìyá ìyá ọmọ ló ń wẹ ọmọ tuntun. Òun ni yóò fi òróró nà án lápá, nà án lẹ́sẹ̀, tí yóò sì jù ú sókè díẹ̀ kó má baà ya ojo. Nígbà tí Màmá kà á lórí fóònù pé aládùúgbò ló ń wẹ ọmọ náà, inú bí wọn débi pé wọn kò jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú, kí Màmá dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá dá lọ láìṣìnà, wọ́n lè máa lọ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ṣìnà pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Màmá bá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ ìwé, tí mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì létí títì. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀nà náà sórí fóònù àwọn, láti géètì Estate dé ilé àbúrò mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gígùn ń rẹ ojú àwọn, ọfà ni kí n fi júwe rẹ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí mo fi ń yangàn nígbà náà. Màá tẹ à lórí kọ̀ǹpútà, màá pa fọ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, dà sí èyí tó jẹ́ kìkì àmì, yóò di ọfà tó kọjú sọ́tùn-ún. Màá tẹ á, yóò di ọfà tó nàró, pé kéèyàn máa lọ síwájú. Mo ṣe é báyẹn, mo gbé e sínú àtẹ̀jíṣẹ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò fìrí, mo fi ránṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Mo ṣí fóònù tèmi láti gbádùn iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ohun tí mo rí rèé: Géètì á. Onígáàsì à. Ilé aláwọ̀ ewé à.

Yéè! Fọ́ǹtì yẹn kò sí lórí fóònù, lẹ́tà lásán ló kù. Ẹni tó ń tẹ Òyìnbó ì bá ti rí i lójú ẹsẹ̀. Èmi tí mò ń tẹ Yorùbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, à àti á ti mọ́ mi lójú jù, ojú mi fò wọ́n. Pípè kọ́, Màmá kò ní gbọ́. Fóònù wọn kàn máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá tẹ iṣẹ́ ti sọ fún mi rí pé ọfà ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù láyé fi dá a mọ̀. Mo pòṣé sí i nígbà náà. Kí ni mo fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe? Ní àárọ̀ yìí, mo bẹ orí mi kó rántí. Mo tẹ 2192, mo tẹ bọ́tìnnì Alt àti X pọ̀. → yọ! Mo tẹ 2191. ↑ yọ! Mo tún gbogbo rẹ̀ fi ránṣẹ́. Mo wò ó lórí fóònù mi: ọfà ṣì ni ọfà. Inú mi dùn débi pé mo fò sókè, oníbàárà tó ń dúró de fọ́tòkọ́pì rọra sún sẹ́yìn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì kí èsì tó dé. Fọ́tò ọmọ ni, ara rẹ̀ ń dán fún òróró, lórí itan Màmá. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé:

"Mo ti dúró síwájú onígáàsì, mo ń wo à títí. Ọfà rẹ dé, mo yà. Mo ti wẹ ọmọ. Wọ́n ní ó ké gan-an. Ọwọ́ mi ni mo fi gbọ́ ọ ní àyà rẹ̀. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé aago mẹ́jọ ọ̀la ni mò ń jáde."