Ọ̀pá Ẹ̀yìn fún Ẹ́ńjìnnì Ńlá

Ní nǹkan bí ọdún 1954, ó máa ń rẹ Ìbítóyè kí ó tó wọ ọkọ̀ ní òwúrọ̀. Ọmọ Ìyàrá ni, ṣùgbọ́n Kabba ni òun àti Monica ìyàwó rẹ̀ ń gbé, nítorí ibẹ̀ ni ilé Lájídé wà, oníṣòwò iṣu àti òwú tó ni lọ́rì tí Ìbítóyè ń wà. Lọ́rì náà ti gbó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, Lájídé lọ ra òmíràn tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ńlá kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun lò nígbà ogun Hítílà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì náà, àwọn ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ ìsọ̀ dìde, wọ́n sì sá.

Inú gbogbo èèyàn dùn sí agbára yìí, àfi Ìbítóyè. Ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ gun òkè. Ọ̀pá irin wà ní ìdí ọkọ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì, ara ọ̀pá yìí ló ń gbà dé ilẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kékeré àtijọ́ ni wọ́n sì rọ ti lọ́rì náà fún.

Ó sọ ọ́ fún Lájídé. Lájídé ní, "Ṣáà máa rọra tẹ̀ ẹ́."

Ó ń rọra tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pá kan ṣẹ́ lọ́nà Odò-Ẹrẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òmíràn tún ṣẹ́ lẹ́bàá Ẹ̀júkù. Yóò dún bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá dá, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké lásán, ọkọ̀ kò ní lọ mọ́. Àwọn èrò yóò sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò gbé ẹrù wọn karí, wọn yóò máa fẹsẹ̀ rìn. Ìbítóyè ni yóò jókòó ti ọkọ̀ títí wọn yóò fi rí ọ̀pá mìíràn rà, irú kan náà, tó tín-ín-rín bákan náà. Iṣu tí àwọn àgbẹ̀ bá sun fún un ni yóò máa jẹ. Bó bá délé, Monica á gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún un, omi náà á sì tutù kí ó tó lè dìde lọ wẹ̀.

Ìgbà òjò ni èyí tó burú jù lọ ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ ọjà ni, ọkọ̀ kún. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Rebecca jókòó sẹ́yìn láàárín àpò iṣu, ó di aṣọ tó hun sórí itan. Ẹgbẹ́ ìyá Ìbítóyè ni, ní Ìyàrá. Wọ́n dé àárín òkè kan lẹ́yìn Mopa, ọ̀pá sì ṣẹ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Ìbítóyè tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ti pọ̀ jù. Délé, ọkùnrin tó ń bá a gba èrò, bẹ́ sílẹ̀, ó ti igi sábẹ́ táyà, táyà sì gorí igi kọjá. Ìbítóyè wá yí ọwọ́ ọkọ̀, ó fi ìdí ọkọ̀ gbá ògiri ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ dúró. Àpò iṣu ya lu Rebecca, ó sì ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé àpò kúrò lórí rẹ̀, Ìbítóyè kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú."

Rebecca wo ojú rẹ̀. "Ara rẹ ń gbọ̀n," ó ní. "Jókòó ná."

Aṣọ tó fẹ́ lọ tà ni wọ́n so mọ́ igi, wọ́n sì fi gbé e dé ibi tí wọ́n ti rí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbẹ̀yìn, ẹsẹ̀ náà jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀, Ìbítóyè kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ bá Lájídé.

"Ṣé o fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ ni?"

"N kò tíì mọ̀, bàbá. Ó rẹ̀ mí. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn yóò bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wá ọ̀pá ẹ̀yìn tó lè gba agbára rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa wà á."

Lájídé náà ti lọ wo Rebecca lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Ó dá kọ́kọ́rọ́ náà padà fún un, ó ní, "Ọ̀la la ó lọ sí Lokoja."

Bàbá kan tó ń ta irin ọkọ̀ àlòkù ló fi ọjà rẹ̀ hàn wọ́n níbẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ gbé jáde dán, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún lọ́dà ni. Ìbítóyè nu ẹnu ọ̀pá rẹ̀, ó wo eyín tí wọ́n gbẹ́ sí i lára. Ó yẹ kí eyín náà lọ gbọọrọ, ṣùgbọ́n ó ti lọ́ bí okùn. "Wọ́n ti lo èyí kọjá agbára rẹ̀," ó ní, "díẹ̀ ló kù kó ṣẹ́."

Èkejì dára, kò lọ́, irú ọkọ̀ tí wọ́n tú u lára rẹ̀ sì máa ń sáré. Òun ni Lájídé fẹ́, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọjà ló ń rí iṣu tó dára rà. Ìbítóyè fi ọwọ́ yí i ká. Kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èyí tó kẹ́yìn wà nínú koríko, odindi ìdí ọkọ̀ ogun, ó ti dípẹtà. Ìbítóyè dọ̀bálẹ̀ tì í, ó ń fi èékánná ha ìpẹtà. Eyín rẹ̀ gún régé.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Nínú èyí, páìpù ńlá tó wà níta ló ń ru ẹrù. Yíyí táyà nìkan niṣẹ́ ọ̀pá inú rẹ̀. Nínú tiwa, ọ̀pá kan náà ló ń ṣe méjèèjì."

"Ṣé yóò sáré?"

"Rárá. Jíà rẹ̀ wà fún òkè àti ẹrẹ̀. Yóò máa rọra lọ ni."

Lájídé mí kanlẹ̀. "Ẹ gbé e sọ́kọ̀," ó sọ fún bàbá náà.

Ó pẹ́ kí mẹkáníìkì tó so ó mọ́ lọ́rì tán, nítorí wọ́n ní láti gé irin, kí wọ́n sì tún ibi tí súpíríńgì ń jókòó sí ṣe. Láti ìgbà náà, ọ̀pá kò ṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo lọ́rì ló ń kọjá lára Ìbítóyè lójú ọ̀nà. Àwọn èrò kan bá ọkọ̀ mìíràn lọ. Lájídé máa ń pẹ́ dé ọjà, ó sì máa ń kùn.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Rebecca fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn wá sí ìdíkọ̀. Ìbítóyè gbé e jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Bí wọ́n ti ń gun òkè Mopa, ọkọ̀ ń kùn, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, Rebecca sì ti sùn. Ìbítóyè ní tirẹ̀ di ọwọ́ ọkọ̀ mú títí apá fi ń ro ó, òógùn bo ojú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Odò-Ẹrẹ̀, ó jí i. "Ìyá, a ti dé."

"Òkè yẹn ńkọ́?"

"A ti gùn ún tipẹ́."

Rebecca bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù aṣọ tó fẹ́ tà. Délé ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, àwọn èrò sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ìbítóyè gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó sinmi díẹ̀, kí ó tó lọ bá wọn já ẹrù.