Àwọn Ìyá Tí Kò Gbọ́ Yorùbá

Mo gbọ́ ọ lórí rédíò lọ́jọ́ kan pé orílẹ̀-èdè kékeré kan tí òkun fẹ́ bò mọ́lẹ̀ kò jẹ́ kí àwọn alágbára ayé parí ìpàdé wọn. Ó ní àfi kí wọ́n yí ìlà kan padà nínú ìwé àdéhùn. Àwọn ńláńlá ń wo aago, bàálù ń dúró dè wọ́n. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ta ló kọ́ wọn ní ìwà ìyá mi?

Nígbà kan, ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ máa fọ́ àpáta lápá Ọ̀kà. Àwọn ìlú ńlá ti gbà, wọ́n ti jẹ ìrẹsì, wọ́n ti ya fọ́tò. Ó ku abúlé wa tíntín, tó jẹ́ pé abẹ́ àpáta náà gan-an ni ìsun omi kan ṣoṣo tí à ń mu wà. Èdè tiwa yàtọ̀ sí Yorùbá, èmi ni wọ́n wá mú ṣe ògbufọ̀. Ọ̀gá wọn pè mí sí kọ̀rọ̀: bí àwọn ènìyàn mi bá fọwọ́ síwèé kí ọ̀sán tó pọ́n, èmi ni wọn yóò fi ṣe akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà. Odindi akọ̀wé! Mo ti ń rí ara mi nínú ṣòkòtò tuntun.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ìkàrẹ́ la ti pàdé. Abúlé rán ìyá àgbà mẹ́ta, ìyá mi ni olórí wọn. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ Yorùbá. Irọ́ gbuu! Ìyá mi yìí, tó ń fi Yorùbá bá àwọn oníṣu Ìkàrẹ́ jà ní gbogbo ọjọ́ ọjà! Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ fún? Mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á forí korí, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo fo ibi tí wọ́n ti dárúkọ omi, ìyá mi fi èdè wa sọ pé, “Ọmọ mi, o gbé ọ̀kan mì o.”

Títí di ìrọ̀lẹ́! Dírẹ́bà ọ̀gá ń fun fèrè mọ́tò, ebi ń pa gbogbo wa, àfi àwọn ìyá tó di èkuru sábẹ́ ìborùn wọn.

“Kí lẹ ń fẹ́ gan-an?” ni ọ̀gá fi igbe ta.

Ìyá mi ní kí wọ́n kọ ọ́ síwèé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpáta tó wà lórí ìsun. Wọ́n kọ ọ́, àwọn ìyá tẹ̀ka. Ọ̀gá ò wo ibi tí mo wà kó tó wọ mọ́tò.

Inú bí mi débi pé n ò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti oko dé, òùngbẹ ń gbẹ mí burúkú. Mo bu omi ìsun nínú àmù, mo mu ún tán, mo tún bu òmíràn. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ojúlówó Yorùbá ló fi bi mí:

“Akọ̀wé, ṣé ó tutù?”