Mò Ń Sáré, Mò Ń Dọ̀bálẹ̀

Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo kẹ́yìn nínú eré ìje àwọn olùkọ́ nílé ìwé wa ní Ìsẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ó ká mi lára. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti kírun àsùbá tán, eré ló kàn.

Àsìkò yẹn gan-an sì ni àwọn àgbà ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Ta ni yóò sáré kọjá wọn láìkí wọn? Ṣé èmi tí mo máa ń bá ọmọ wọn wí nítorí àìkíni? Mò ń sáré, mò ń dọ̀bálẹ̀. Baba ahunṣọ àdúgbò wa a máa bi mí lójoojúmọ́ pé, "Tíṣà, ta ló ń lé ọ?"

Lọ́dún yìí, èmi ni mo ṣáájú. Ó ku díẹ̀ kí n débi okùn ìparí eré ni baba yìí pariwo láàárín èrò pé, "Tíṣà, wọ́n mà ń lé ọ bọ̀ o!" Kí n tó ronú, àyà mi ti kanlẹ̀. Gbogbo wọn ló kọjá lára mi.

Mo tún kẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún so okùn bàtà mi. N kò ní í tìtorí eré má dọ̀bálẹ̀. Bí n ó ṣe máa yára dìde ni mò ń kọ́ báyìí.