Sítíkà Tí Mo Fi Bàbá Ṣe

Ẹnu mi kò ní ìjánu, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé mọ̀, àwọn tí mo ń ra dátà lọ́wọ́ wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù ni gúrúùpù Wasáàpù àwa ọmọ Kábà, nílé àti lẹ́yìn odi. Ìjà òṣèlú ni oúnjẹ wa níbẹ̀. Àwọn ti ìjọba wà lápá kan, àwọn alátakò wà lápá kejì, àwa apanilẹ́rìn-ín sì wà láàárín, à ń bu epo síná. Bí ẹnìkan bá ti fi ìkíni ìlú wa kọ ọ́ pé "Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi," kí oníkálukú yáa múra, èébú ló kàn.

Bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá mi kú, òun ló rán mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Òun náà ni olórí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní wọ́ọ̀dù wa, kò sì sí ọjọ́ tí kì í fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù pé kí a ní sùúrù, ọ̀nà ń bọ̀, iná ń bọ̀. Inú máa ń bí mi. Òkè-Bùkún ni mo ti ń kọ́ni nígbà náà, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mò ń jókòó sí lójoojúmọ́, eruku ọ̀nà tó ní ó ń bọ̀ yẹn sì ni mò ń jẹ bíi gààrí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Bàbá lọ sí Lọ́kọ́ja nítorí tèmi, láti bẹ àwọn tó mọ̀ kí wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwé kan nínú Kábà. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ láti gbọ́ àbọ̀, mo bá a lórí àga ní pálọ̀, ó ti sùn lọ fọnfọn, ó la ẹnu sílẹ̀, fìlà ti yọ́ bò ó lójú kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbúrò mi, ń gún iyán lẹ́yìnkùlé. Kí ni mo ṣe? Mo ya fọ́tò. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìdí odó. Mo fi Bàbá sílẹ̀ lójú oorun, mo bá tèmi lọ.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ì bá dára. Ní ọjọ́ kejì, mo gé fọ́tò náà ku orí, mo sọ ọ́ di sítíkà, mo kọ "A ń bá iṣẹ́ lọ" sábẹ́ ẹnu tó là sílẹ̀ yẹn. Mo ní síìmù kejì tí mo fi wọ gúrúùpù náà pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tèmi, nítorí irú iṣẹ́ báyìí. Òun ni mo fi jù ú síta. Háà, wọ́n rẹ́rìn-ín! Bí wọ́n bá mú iná lọ, sítíkà. Bí ẹnìkan bá béèrè ọ̀nà, sítíkà. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ó ti dé Mópà, ó ti dé Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀. Mi ò ní parọ́, inú mi dùn gan-an.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alátakò kan fi ránṣẹ́ sí Bàbá fúnra rẹ̀, ẹni tí kò tíì kíyè sí i nínú ariwo gúrúùpù. Kì í ṣe ojú ara rẹ̀ ló wò. Lẹ́yìn orí rẹ̀, etí aṣọ àga kan yọ díẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Kò sí irú rẹ̀ nílé ẹlòmíràn. Bàbá mọ̀ pé pálọ̀ òun ni wọ́n ti ya òun. Ta ló sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, tí oorun gbé Bàbá lọ níwájú rẹ̀? Àfẹ́sọ́nà àbúrò mi ni, ọmọ ìlú Amuro, alátakò paraku tí òun àti Bàbá ti jà nínú gúrúùpù láìmọye ìgbà. Ó wá sọ pé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn èèyàn òun yóò wá tọrọ ìyàwó, ó sì ti lọ kí n tó dé.

Ohùn Bàbá dé inú gúrúùpù lẹ́yìn ìrun Alásárì. Kò pariwo. "Ọmọ tó jókòó nínú ilé mi, tó jẹ oúnjẹ mi, tó sọ oorun àgbà di ẹ̀rín ọjà, kó sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n má wá ní Sátidé. Wàláì, mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fún un."

Ọmọ Amuro kọ̀wé, ó búra, ó bẹ̀bẹ̀. Kí ni wọ́n fi dá a lóhùn? Sítíkà. Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an: àwọn ti ìjọba ní kí wọ́n lé e jáde, àwọn alátakò ń kí i kú iṣẹ́ tí kò ṣe. Mo yọ síìmù kejì, mo fi eyín gé e sí méjì, mo jù ú sínú ṣáláńgá. Mo pa fọ́tò náà rẹ́. Ojo ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá àbúrò mi. Ó ń to àwọn àwo tí wọ́n yá fún Sátidé padà sínú apẹ̀rẹ̀. Kò sunkún. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ?"

Mo ní rárá, mo kàn wá kí i ni.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ara mi kò gbà á mọ́. Mo fi nọ́ńbà mi gan-an kọ ọ́ sí gúrúùpù: "Èmi ni mo ṣe sítíkà Bàbá. Ọmọ Amuro kò mọ nǹkan kan." Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́. "Ìyá aláwàdà tún ti dé!" "Tíṣà, ṣé ìwọ náà lo ba ọ̀nà Òkè-Bùkún jẹ́?" Mo tún un kọ pé mi ò ṣàwàdà. Ẹ̀rín wọn pọ̀ sí i. Ẹnìkan fi ojú Bàbá dá mi lóhùn: A ń bá iṣẹ́ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá ní pálọ̀ yẹn kan náà.

"Bàbá, èmi ni."

"Mo ti rí ohun tí o kọ." Ó ń fa tẹ̀sùbáà, kò wo ojú mi. "Àbúrò ẹ ló bẹ̀ ọ́. O fẹ́ bá a ru ẹ̀bi ọkọ."

"Kò bẹ̀ mí, Bàbá. Èmi ni mo ya fọ́tò náà."

"Fọ́tò ọ̀hún dà?"

"Mo ti pa á rẹ́."

"Síìmù ńkọ́?"

"Mo ti jù ú sí ṣáláńgá."

Ó mi orí. "Láti kékeré lo ti ń fi gbogbo nǹkan ṣeré. Èyí kì í ṣe eré. Dìde."

Yéè! Mo bú sẹ́kún. Òtítọ́ ni mò ń sọ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbà á lẹ́nu mi.

Ìgbà náà ni àbúrò mi jáde láti yàrá. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé Bàbá lọ́wọ́. Fọ́tò náà ló wà níbẹ̀ lódindi, fìlà, àga, aṣọ ìyeyè, orúkọ mi lókè, àti ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀: "Wo bàbá ẹ." Mo ti gbàgbé pátápátá pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá wò ó títí. "Ọjọ́ tí mo ti Lọ́kọ́ja dé," ó ní. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú lẹ́tà kan, ó fún mi. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbé mi wá sí Kábà ni. Lẹ́yìn náà ó mú fóònù tirẹ̀, ó pe ọmọ Amuro, mo sì gbọ́ tí àgbàlagbà ń bẹ ọmọdé nítorí tèmi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè ṣí lẹ́tà náà.

Mo tẹ̀lé àbúrò mi lọ sẹ́yìnkùlé. Ó ti ń kó àwọn àwo jáde kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi fọ́tò náà han Bàbá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Tó bá ti ẹnu mi jáde, Bàbá ò ní dárí jì yín," ó ní. "Mò ń dúró dè yín ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ká ní mi ò wá ńkọ́?"

Ó nu àwo kan, ó gbé e kalẹ̀.

"Ǹ bá dá àwọn àwo padà fún àwọn tó ni wọ́n."