Ẹlẹ́sẹ̀-Gbígbẹ Wọ Odò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi, kí ẹlòmíì má baà bá mi sọ ọ́ dàrú. Ọkọ mi ni wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀-Gbígbẹ. Èmi ni mo sì fẹ́ ẹ, ta ló tún yẹ kó ròyìn rẹ̀ jù mí lọ? Gbẹ́nàgbẹ́nà ni. Gbogbo igi tó wà nínú ilé ìjọsìn wa, láti òrùlé dé ìdí ìjókòó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn àbáwọlé nìkan ni mi ò lè yìn ín fún, torí ìta ló ń ṣí sí. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á gbá ẹni tó ń bọ̀ pàì! Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo ní ó dáa.

Ìyá rẹ̀ ni orísun ìjọ náà. Aránṣọ ni ìyá ọkọ mi. Inú yàrá iwájú tí wọ́n ti ń ránṣọ ni àwọn obìnrin mélòó kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n á kó aṣọ tí kò tíì parí sí igun kan, wọ́n á gbé Bíbélì lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó mọ̀wé á kà, àwọn tó kù á kọrin. Nígbà tó yá, àwọn ọkọ wọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lójú fèrèsé bí ẹni tó ń wá adìẹ tó sọnù. Yàrá ò gbà wọ́n mọ́, ni wọ́n bá ní àwọn á kọ́ ilé. Ọkọ mi ò tíì gbé mi níyàwó nígbà náà. Òun ló kan òrùlé, òun náà ló kan ìjókòó. Pásítọ̀ àkọ́kọ́ ní kó má fi ẹ̀yìn sí ìjókòó, pé ẹ̀yìn ìjókòó ló ń mú èèyàn sùn nínú ìwàásù. Àwọn àgbà jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń sùn náà, wọ́n kàn ń ṣubú ni. Kò pẹ́ tó fi padà wá fi ẹ̀yìn sí i.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wá. Ẹni tó bá gba Jésù gbọ́ gbọ́dọ̀ wọ odò, kí pásítọ̀ tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi, torí-tetí. A kì í wọ́n omi síni lórí bí ẹni ń bomi rin ewébẹ̀. Ẹni tí a kò bá sì tíì tẹ̀ bọmi, kì í ṣe ọmọ ìjọ ní kíkún: kò ní jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, kò sì ní nawọ́ sókè nígbà tí ìjọ bá ń dìbò. Gbogbo nǹkan la sì ń dìbò lé lórí ní tiwa, títí kan ọ̀dà tí a fẹ́ fi kun ògiri.

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Wọn ò tíì rí ọkọ mi ni. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ojú rẹ̀ báyìí ni odò abúlé wa ṣe gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Látọjọ́ náà, omi tó bá ti ju ti inú garawa lọ, kò ní sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe: gbogbo ìgbà tí a bá lọ tẹ èèyàn bọmi, òun ló máa ń dúró létí odò, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú aṣọ ìnura. Bí onítọ̀hún bá ti ń jáde, tó ń gbọ̀n, á fi aṣọ náà bò ó, á nu orí rẹ̀, á ní, "Káàbọ̀." Bó ṣe nu èmi náà nìyẹn. Ibẹ̀ la ti mọra, ẹ má bi mí ní ìyókù. Kò sí ẹnì kan nínú ìjọ wa tí ọwọ́ rẹ̀ ò nù rí.

Èmi oníbúrẹ́dì ni mo sì ń yan búrẹ́dì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ọkọ mi á bá mi gbé e dé orí tábìlì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, á wá lọ jókòó sẹ́yìn, kò ní fọwọ́ kàn án. Nílé ńkọ́? Búrẹ́dì kan náà, á jẹ ẹ́ tán, á ní iyọ̀ rẹ̀ ò tó. Ó máa ń dùn mí gan-an, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a jà, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun á ní, "Ìyá àwọn ọmọ, Ọlọ́run mọ̀ mí." Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ìgbà tó yá, wọ́n la títì ọlọ́dà sí ẹ̀yìn òkè. Ìjọ ńlá kan wà létí títì náà, Onítẹ̀bọmi bíi tiwa, wọ́n ní iná, wọ́n ní fáànù, tìmùtìmù wà lórí àga wọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí wa pé ká wá dara pọ̀ mọ́ àwọn. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lórí jù. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Orúnkún ń dùn mí, ẹrẹ̀ ọ̀nà ilé ìjọsìn wa ti gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi, òrùlé sì ń jò. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ, wọ́n á tú páànù ilé náà, wọ́n á kó igi rẹ̀ lọ, gbogbo ohun tí ọkọ mi fi ìgbà èwe rẹ̀ kàn á di igi ìdáná. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà mọ̀. Nílé wa, à ń jẹun láì wojú ara wa.

Ọjọ́ ìpàdé ìjọ pé. Bí a ti fẹ́ dìbò, ọkọ mi dìde bó ṣe máa ń ṣe, ó bọ́ síta, ó pa ilẹ̀kùn dé. Díákónì àgbà, ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ló ń ka ọwọ́. Àwa tí a fẹ́ lọ nawọ́. Àwọn tó fẹ́ dúró náà nawọ́. Dọ́gba-dọ́gba! Ó tún un kà, ó ka ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a pariwo lé e lórí, ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀bọ ṣe ṣorí ni ìnàkí ṣe. Pásítọ̀ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì, kì í dìbò ní tirẹ̀. Ó ní ká lọ gbàdúrà, ká tún dìbò ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Àfi pàì! Ilẹ̀kùn gbá ògiri ìta. Ọkọ mi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, pẹ́ńsùlù lẹ́yìn etí.

"Ẹ tẹ̀ mí bọmi," ó ní.

Hà! Ilé dàrú. Àwọn kan ń pariwo Halelúyà, àwọn kan ń sọ pé èrú ni. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í tẹ èèyàn bọmi nítorí ìbò."

"Ta ló sọ pé nítorí ìbò?" Ọkọ mi ti ń gbóná. "Mo ti gba Jésù gbọ́ látìgbà tí ìyá mi ti ń gbé Bíbélì lé orí ẹ̀rọ. Omi ni mò ń bẹ̀rù, kì í ṣe Ọlọ́run. Mo ní kí ẹ̀rù kọ́kọ́ lọ kí n tó wọ odò, ẹ̀rù ò lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ wọ̀ ọ́ báyìí, èmi àti ẹ̀rù mi."

Ó ku kí ìjọ dìbò bóyá ká gbà á. Ìyàwó díákónì tó wà lẹ́yìn mi fà mí láṣọ. "Ìyá Oníbúrẹ́dì, bí a bá gbà á, a ti pàdánù nìyẹn o!"

"Kí ni kí n wá ṣe?" ni mo wí. "Kí n ní Ọlọ́run ò mọ̀ ọ́n?" Mo nawọ́ sókè. Òun náà kùn, kùn, ó nawọ́. Kò ku ẹnì kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìtẹ̀bọmi, ọkọ mi ò lè jẹun. Ó jókòó sétí ibùsùn nínú aṣọ funfun. "Ta ni yóò mú aṣọ ìnura dání?" ó bi mí. Mo ní èmi ni. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tún un ká, ó wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń nà án. Ọkùnrin tó ń lọ bá ikú rẹ̀ jà!

A dé etí odò. Ẹ gbà mí o! Gbogbo ìjọ ló ti dúró síbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú aṣọ ìnura tirẹ̀. Èyí tuntun, èyí ti ya, ti díákónì àgbà kún fún gírísì. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Àwa tí a fẹ́ lọ àti àwọn tó fẹ́ dúró ti dà pọ̀ mọ́ra. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, mi ò tijú.

Pásítọ̀ ti wà nínú omi. Ọkọ mi wọ̀ ọ́ dé ọrùn ẹsẹ̀, ó dúró. Ó yí padà, ó jáde. Ó wò mí, ó wo gbogbo aṣọ yẹn, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ jọ̀ọ́," àfi bíi pé ẹ̀rù náà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó padà wọ omi dé orúnkún, dé ìbàdí. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ pásítọ̀, ó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Pásítọ̀ ní, "Bàbá, ẹ tú mi sílẹ̀." Ó kọ̀. Pásítọ̀ pe orúkọ Mẹ́talọ́kan, ó tẹ̀ ẹ́, ló bá di gbìì! Àwọn méjèèjì wọ inú omi lọ! Wọ́n jọ yọrí, ọkọ mi ń ké, "Mo wà láàyè! Mo wà láàyè!" Odò ti gbé gíláàsì pásítọ̀ lọ. Ìyẹn ń rẹ́rìn-ín, kò rí ẹnì kankan. Àwa náà ń pariwo, à ń fò, orúnkún mi kò rántí láti dùn mí. Aṣọ ìnura bo ọkọ mi títí a ò rí orí rẹ̀ mọ́. Mo fi agbára là wọ́n kọjá, mo nu ojú rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀," ni mo wí.

Ilé ìjọsìn la gbà lọ tààrà. Ọkọ mi jókòó sínú ilé nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn láti dìbò, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Díákónì àgbà ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ká dúró, kó nawọ́." Ọkọ mi fò dìde, ó na méjèèjì. Díákónì ní kó sọ ọ̀kan kalẹ̀. Ìgbà náà ló wẹ̀yìn, ó rí ọwọ́ mi lókè. Ó rí ti ìyàwó díákónì. Ó rí ti gbogbo wa. Ta ló máa rí ẹni tó bá ẹ̀rù rẹ̀ wọ odò, tó máa padà wá ní kí wọ́n lọ tú páànù ilé rẹ̀?

Omi ṣì ń kán lórí rẹ̀. Ó wò wá yíká. "Ẹ fẹ́ sọ pé lásán ni mo wọ omi?"

Ẹ̀rín pa wá, pásítọ̀ di tábìlì mú kó má baà ṣubú.

Wọ́n wá gbé Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa kiri. Àwo búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Ó mú ekìrí kan, ó fi sẹ́nu, ó di ojú rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé e mì. Mi ò lè mú un mọ́ra, mo rọra sọ sí i létí.

"Bàbá àwọn ọmọ, iyọ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Ó tó."