Hóró Asúnwọ̀n Lórí Àpáta

Òórùn kíkan kòkó tí wọ́n sá sórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ní Aládé ni mo fi ń rántí oṣù náà. Ìyàwó mi ti kú, ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Àkúrẹ́. Ilé dákẹ́ débi pé láti ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ ìró aago ara ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń pe ọmọ náà lójúmọ́: láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Lọ́jọ́ kan ó ní làpálàpá yọ sí òun lọ́rùn. Ewé asúnwọ̀n ni ìyá rẹ̀ máa ń fi pa á fún un láti kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé igi kúkúrú náà nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà lẹ́yìnkùlé wa. Mo lè tọrọ ewé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àmọ́ ti ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́. Ìwọ̀nba èso gbígbẹ tí mo fi pamọ́ ló kù.

Mo ṣa hóró wọn. Èyí tó dán, tí kò ní àpá, ni mo mú. Èyí tí nǹkan ti ha lára, mo dà á nù. Ogójì ni mo gbìn sínú ike. Mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣíji bò wọ́n, mo ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí ẹyọ kan tó hù. Mo hú díẹ̀ wò: wọ́n ṣì ń dán bí ọjọ́ tí mo gbìn wọ́n.

Ìyá àgbà tó ni kòkó orí àpáta ti ń wò mí tipẹ́.

"Bàbá ọlọ́mọ kan, ṣé o fẹ́ pọ̀n wọ́n ni?"

"Ìyá, wọn ò hù ni."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa hù? Èèpo yẹn le ju orí rẹ lọ. Omi ò ráyè wọlé." Ó nawọ́ sí àpáta. "Lọ ha wọ́n níbẹ̀."

Mo bi í bóyá kò ní pa wọ́n lára. Ó ní ẹ̀gbẹ́ kan ni kí n ha, kí n dáwọ́ dúró tí àwọ̀ inú bá ti yọjú.

Ogún hóró tí mi ò tíì gbìn ló kù nílé. Mo ha wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí àpáta. Mo fọ́ méjì. Mo rẹ méjìdínlógún yòókù sómi. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti wú bí ẹ̀wà tí a rẹ. Mo gbìn wọ́n. Lọ́jọ́ kẹfà, mẹ́rìnlá ti hù.

Mo sáré pe ọmọ mi.

"Dádì, ọrùn mi ti jiná. Mo ti ra oògùn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn."

"O ò sì sọ fún mi?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa wá sùn sí họ́sítẹ́lì wa ni."

Mo jókòó ti àwọn ewéko náà títí oòrùn fi wọ̀. Inú mi dùn sí wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí mo máa fi wọ́n hàn. Mo ronú nípa èèpo tó ń ṣọ́ ohun inú rẹ̀ títí kò fi jẹ́ kí omi kàn án, mo sì mọ̀ pé irú rẹ̀ ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí ìyá ọmọ náà ti kú.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń pè é báyìí. Ọjọ́ mẹ́fà yòókù máa ń gùn.