Ẹ Dé Iyọ̀ Yẹn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ohun tí mo rí tó funfun tó iyọ̀ tí ọmọbìnrin kan máa ń sá sórí àtẹ ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Mushin. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ọmọbìnrin náà ló padà di ìyàwó mi, òun náà sì ni mo sin lọ́dún tó kọjá. Mo ti jókòó láti kọ ọ̀rọ̀ yìí rí, mo sì dìde. Ẹ jẹ́ kí n tún gbìyànjú.

Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá là ń gbé. Ìyá ọmọ náà, aránṣọ ni, ló wà nínú yàrá tó kọjú sí tiwa. Ìlú kan láàárín òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti wá, gègè kékeré kan sì ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti ìgbà ọmọge. Kì í jẹ ẹja. Òórùn rẹ̀ máa ń rí i lára. Nígbà tó lé díẹ̀ lógójì ọdún, gègè náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ohùn rẹ̀ há. Irun orí rẹ̀ ń re. Nínú oòrùn tí gbogbo wa ń fi páálí fẹ́ ara wa, súwẹ́tà ló máa ń wọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Màmá aránṣọ, ṣé ìlú òyìnbó lẹ wà ni?" Bàbá kan nínú ilé wa ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ìlú òyìnbó náà ni. Ẹ lọ gba fíìsà kí ẹ tó wọ yàrá mi."

A ó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Kì í lè jókòó lójú kan. Bó ṣe ń fọ̀ ló ń gbálẹ̀, tó sì ń yọjú wò bóyá ìyá òun tún ti sùn lé aṣọ oníbàárà lórí. Òun ló ń dáná. Nítorí pé ọ̀rinrin Èkó kì í jẹ́ kí iyọ̀ gbẹ, ó máa ń sá tiwọn sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́, á wá gbé abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù láìdé e. Àwọn ìyá inú ilé ń yìn ín pé ọmọ tó mọ́ra ni.

Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n aránṣọ náà dé láti ilé. Ó wo ọrùn àbúrò rẹ̀, ó ní ọwọ́ ayé ni, àti pé òun máa kó ìyá àtọmọ lọ sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ọ̀nà ilé ìwé kan náà lèmi àti ọmọ yẹn jọ ń rìn láràárọ̀.

Ìyá mi ló bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn. Tí wọn ò bá rí i ṣe, ẹ máa mú wọn lọ." Ó ní kí n tẹ̀ lé wọn, kí n bá wọn gbé báàgì.

Ilé ìwòsàn kan ní Yaba la lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà kan fọwọ́ kan ọrùn náà, ó ní kó gbé itọ́ mì, ó sì béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó ṣàlàyé pé èròjà kan tó ń jẹ́ ayodíìnì ni ọrùn fi ń ṣiṣẹ́, pé ó pọ̀ nínú ẹja òkun, wọ́n sì ti ń fi í sínú iyọ̀ inú ọ̀rá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà nígbà náà.

"Iyọ̀ yẹn náà là ń rà, mà," ni ọmọ náà sọ kíákíá.

"Báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀?"

Ojú rẹ̀ tàn. "Mo máa ń sá a sóòrùn ni, mà. Tiwa kì í domi láé."

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ dáadáa, oòrùn àti ooru iná máa ń lé èròjà yẹn lọ. Inú ike tó ní ìdérí ni kó o máa kó o sí, kó o sì máa fi í sọ́bẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná."

Mo rí bí ojú yẹn ṣe ṣú. Nọ́ọ̀sì fà á mọ́ra, ó ní kì í ṣe ọmọ náà ló fà á, pé gègè náà ti wà kí wọ́n tó bí i. Ìyá rẹ̀ náà dá sí i: "Ẹ̀gbọ́n ẹ ni gègè yìí. Kúnlẹ̀ kí i!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi òun.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ aránṣọ wò, dókítà sì fún un lóògùn tí yóò máa lò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di imú jẹ ẹja. Gègè náà kò wọlé tán, ṣùgbọ́n kò wú mọ́, nígbà tó sì yá, ó bọ́ súwẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló padà sílé.

Ayé ti yí padà. Ta ló tún ń sá iyọ̀ lóde òní? Síbẹ̀, mo ṣì ń rí obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé lógójì, tó ń tòògbé ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ, tí kò sì sẹ́ni tó wo ọrùn rẹ̀. Ẹ bá mi máa wò ó.

Ìyàwó mi kò gbàgbé ọjọ́ yẹn títí ayé rẹ̀. Bó bá wà nínú yàrá, tí mo wà ní kíṣìnì, á pariwo: "Bàbá, ẹ dé iyọ̀ yẹn!" Àìsàn tó mú un lọ kò kan ọrùn rárá, síbẹ̀ lórí ibùsùn, etí rẹ̀ ṣì wà lára ìdérí ike yẹn. Ní báyìí, mò ń rìn láti yàrá dé kíṣìnì, láti kíṣìnì dé yàrá. Lánàá, mo ṣí iyọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, mo sì dúró, mo ń tẹ́tí sí yàrá.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo dé e.